Ilá àgíríìkì kì í ṣe GMO o: bí wọ́n ṣe ń wá ilá tó máa so dáadáa

Ọ̀rọ̀ ilá ti wá di àríyànjiyàn báyìí. Ẹ lọ sí ọjà èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ máa rí ilá tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ tún máa rí òmíì tó kúrú, tó sanra, tí èyí ò jọ ìyẹn nínú ẹ̀. Wọ́n á ní àkọ́kọ́ yẹn ni ilá àgíríìkì, wọ́n á pe ìkejì ní ilá ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní GMO ni ilá àgíríìkì, pé wọ́n ti lọ ti nǹkan bọ inú ẹ̀ ní lábù, pé ìdí nìyẹn tí kì í fi yọ̀ dáadáa nínú ọbẹ̀, ẹlòmíì á ní irúgbìn ẹ̀ kì í hù lẹ́ẹ̀kejì, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí a lè máa rà á lọ́wọ́ wọn títí ayé. Tí ìwé ìròyìn kan bá tún wá gbé e jáde pé àwọn onímọ̀ ń ṣèwádìí lórí ìyàtọ̀ jíìnì nínú ilá, ó tán, kálukú á ní ṣé ẹ rí i, jíìnì náà rèé, ohun tá a ń sọ nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí ilá, iṣẹ́ àtijọ́ ni: wọ́n ń kó oríṣiríṣi ilá jọ, wọ́n ń wò wọ́n, wọ́n ń yan èyí tó dáa, wọ́n ń mú un pọ̀ mọ́ òmíì tó dáa. Ibi tó ti le ni kéèyàn mọ ilá tó dáa tinú-tinú yàtọ̀ sí ilá tó kàn ṣe kòńgẹ́ ilẹ̀ tó lọ́ràá. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Kí ni jíìnì, kí sì ni "ìyàtọ̀ jíìnì"?

Jíìnì ni àwọn àṣẹ wínníwínní tó wà nínú gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí, tó ń sọ bó ṣe máa rí. Lára ilá, jíìnì ló ń sọ bóyá èso ẹ̀ máa jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí pupa rúsúrúsú, bóyá igi ẹ̀ máa ga tàbí kó kúrú, ìgbà tó máa yọ òdòdó, àti bóyá ara ẹ̀ máa ní irun ṣóńṣó tó máa ń yún èèyàn lọ́wọ́ téèyàn bá ń ká a láàárọ̀. Kò sí ilá tí kò ní jíìnì, ilá tí ìyá-ìyá yín gbìn ní jíìnì, kò sì sẹ́ni tó fi sí i. Nítorí náà tí ẹ bá ti gbọ́ "jíìnì" nínú ọ̀rọ̀ irúgbìn, ẹ má tètè sá.

Ìyàtọ̀ jíìnì ni pé àṣẹ tó wà nínú ilá yìí ò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú ilá tọ̀hún. Tí ẹ bá lọ gba irúgbìn ilá lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ káàkiri, láti Ṣakí dé Ìkàrẹ́, tí ẹ gbin gbogbo ẹ̀ sí orí ilẹ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan náà, òmíì á ti yọ òdòdó kó tó pé oṣù méjì, òmíì á ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó rántí. Òmíì á yọ ẹ̀ka, òmíì á kàn nà ró gbọnrangandan. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ni ọjà tí àwọn onímọ̀ irúgbìn fi ń ṣòwò, torí tí gbogbo ilá bá rí bákan náà, kí lèèyàn fẹ́ yàn nínú ẹ̀?

Ṣé ilá kan náà ni gbogbo ilá?

Rárá o, èyí sì máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ilá tí à ń jẹ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, irú méjì ló wà nínú ẹ̀, wọn ò sì jẹ́ ọ̀kan náà rárá lójú àwọn onímọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà káàkiri ayé, tí orúkọ ìwé ẹ̀ ń jẹ́ Abelmoschus esculentus. Ìkejì ni ti apá ọ̀dọ̀ wa níbí, Abelmoschus caillei, ọdún 1988 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé irú tó dá dúró ni, kó tó dìgbà yẹn wọ́n kàn ń kà á mọ́ ìyókù. Àwọn méjèèjì jẹ́ mọ̀lẹ́bí ewédú, iṣápá, òwú, kòkó àti obì. Bẹ́ẹ̀ ni, ilá àti ewédú tí ẹ̀ ń jẹ pọ̀ yẹn, ará ilé kan náà ni wọ́n.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ti ọ̀dọ̀ wa yìí máa ń ga, igi ẹ̀ nípọn, ó máa ń yọ ẹ̀ka, èso ẹ̀ sábà máa ń kúrú, á sì sanra. Ẹ tún wo àwọn ewé kéékèèké tó yí ìdí òdòdó ká, ti ọ̀dọ̀ wa fẹ̀, ti ìyẹn tẹ́ẹ́rẹ́. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù, ti àsìkò ni. Ilá ọ̀dọ̀ wa máa ń ka ọjọ́. Ẹ lè gbìn ín níbẹ̀rẹ̀ òjò kó máa ga lọ, kó máa ga lọ, kó má yọ òdòdó kankan, àfi ìgbà tí ojúmọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú lápá ìparí ọdún, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í so, á sì máa so wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ilá yìí ti yàgàn, á hú u dànù.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìyẹn. Tí ẹ bá ń fi ìwọ̀n nìkan ṣe ìdíje, ilá tó tètè so lè borí. Àmọ́ ìgbà tó ń so yẹn ni gbogbo oko ń so, tí ilá kún ọjà bámúbámú tí owó ẹ̀ já wálẹ̀. Ilá tó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí ilá wọ́n lòun ń so. Ta ló wá so dáadáa nínú àwọn méjèèjì? Ó kù sí ẹni tí ẹ bá bi.

Nǹkan míì tún wà ní abẹ́ ọ̀rọ̀ irú méjì yìí. Jíìnì kì í dá rìn, orí okùn tín-ín-rín kan ni wọ́n máa ń tò sí, tí wọ́n ń pè ní krómósómù. Èèyàn ní 46. Ilá tó wọ́pọ̀ ní nǹkan bí 130! Ti ọ̀dọ̀ wa tún sún mọ́ 200. Ohun tó fà á ni pé ilá wá látinú irú méjì tó papọ̀ láyé àtijọ́ tí kò sí ẹni tó ju ti ẹnìkejì nù. Èrò tó gbilẹ̀ jù ni pé ọ̀kan ní 58, ìkejì ní 72, ẹ ro ó pọ̀, 130 géérégé ni. Ti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbà pé òun tún pàdé ẹlòmíì lẹ́yìn ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ jíìnì ilá fi le ju ti ìrẹsì lọ, torí ìrẹsì ní 24 péré. Òun náà ló fà á tó jẹ́ pé tí ẹ bá mú ilá ọ̀dọ̀ wa pọ̀ mọ́ ìyókù, ọmọ tí wọ́n bá bí sábà máa ń so èso tí irúgbìn inú ẹ̀ ò tó nǹkan.

Kí ló ń jẹ́ kí ilá so púpọ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé síso púpọ̀ jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo, pé jíìnì kan wà níbì kan tó jẹ́ jíìnì ìkórè tí wọ́n kàn máa tẹ̀ báyìí. Kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹ wo ìyá olóúnjẹ tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá títì. Owó tó pa lọ́jọ́ kan, iye èèyàn tó jókòó jẹun ni, pẹ̀lú iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ, pẹ̀lú iye wákàtí tí ìkòkò fi wà lórí iná. Ẹni tí oníbàárà ẹ̀ pọ̀ àmọ́ tí wọn kì í ra ẹran lè pa iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí oníbàárà ẹ̀ ò pọ̀ tó sì jẹ́ pé ẹran méjì-méjì ni wọ́n ń jẹ. Bí ìkórè ilá ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: iye èso orí igi kan, ìwúwo èso kọ̀ọ̀kan, iye igi tó yè lórí ilẹ̀, àti iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń ká a. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, jíìnì púpọ̀ ló ń dá sí i, kálukú ń fi díẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan tó jẹ́ ti orí ìwé. Tí ẹ bá gbin ilá ní 60 sẹ̀ǹtímítà láàárín poro sí poro, 30 láàárín igi sí igi, hẹ́kítà kan máa gba bíi igi 55,000. Ká ní igi kọ̀ọ̀kan so èso 20, tí èso kan wọ̀n tó gíráàmù 15, ìyẹn 300 gíráàmù lórí igi kan, ó ju tọ́ọ̀nù 16 lọ lórí hẹ́kítà. Ó dùn létí àbí? Ẹ wá wo bó ṣe rí lóko. India ló ń gbin ilá jù láyé, bíi mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù lọ́dún, Nàìjíríà ló tẹ̀ lé e, tiwa ò sì tó mílíọ̀nù 2. Ilẹ̀ tí à ń fi gbìn ín wá ju mílíọ̀nù kan hẹ́kítà lọ, nígbà tí ti India wà ní nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù. Ìyẹn ni pé hẹ́kítà kan lọ́wọ́ wọn ń mú ju tọ́ọ̀nù 10 lọ, tiwa ń rìn ní àyíká tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀.

Ṣé irúgbìn wa ni kò dáa? Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jà. Ilá tiwa, àárín iṣu, àárín ẹ̀gẹ́, àárín àgbàdo ló ń gbé, igi tó wà lórí hẹ́kítà kan ò súnmọ́ 55,000 rárá, òjò ló ń bomi rin ín, fẹtiláísà tó sì wà nílé ti lọ bá àgbàdo. Àfiwé yẹn kì í ṣe irúgbìn sí irúgbìn, bí a ṣe ń dáko wà nínú ẹ̀. Irúgbìn ní ipa tiẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ ra irúgbìn tuntun, ẹ máa ká ìlọ́po mẹ́wàá, ọjà ló ń tà.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé irúgbìn ló ṣe é, kì í ṣe ilẹ̀?

Èyí gan-an ni gbùngbùn ọ̀rọ̀. Ẹ dé oko, ẹ rí igi ilá kan tó so ju gbogbo ìyókù lọ. Inú yín dùn, ẹ fi aṣọ pupa so ó, ẹ tọ́jú irúgbìn ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ gbìn ín, àwọn ọmọ ẹ̀ so bíi ti gbogbo ayé. Kí ló dé? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń da eérú sí tẹ́lẹ̀ ni ìyá wọn dúró sí, tàbí kó jẹ́ pé igi méjì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kú tó fi rí àyè gbà. Oríire tó bá igi kan, kì í bá irúgbìn ẹ̀ lọ.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ kì í fi gbin irú kan sójú kan. Ká ní irú ilá 20 ni wọ́n fẹ́ wò, wọ́n á pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán, ogún yẹn máa wà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ìbò ni wọ́n sì máa fi mọ èyí tó máa wà níbo, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọmọ ẹ̀ síbi tó lọ́ràá. Wọ́n á wá máa wọ̀n: ọjọ́ tí òdòdó yọ, gíga igi, iye ẹ̀ka, oríkèé tí èso àkọ́kọ́ jókòó lé, iye èso, gígùn àti ìwúwo èso, iye irúgbìn inú ẹ̀. Tí irú kan náà bá ń ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀ ló fà á, torí irúgbìn kan náà ni. Tí irú kan bá wá ń borí òmíì níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irúgbìn ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Wọ́n á wá pín in: nínú gbogbo ìyàtọ̀ tá a rí lóko yìí, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ọwọ́ irúgbìn wá? Ìdá yẹn ni àwọn ìwé ìròyìn máa ń gbé jáde tó ń da orí èèyàn rú, wọ́n á ní gíga ilá jẹ́ "àjogúnbá ìdá 85". Kò túmọ̀ sí pé ilá jogún ìdá 85 gíga ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kó wá lọ yá ìdá 15 lọ́dọ̀ ilẹ̀. Kò sì túmọ̀ sí pé ìkórè máa fi ìdá 85 pọ̀ sí i. Ó kàn túmọ̀ sí pé nínú oko yẹn, lọ́dún yẹn, tí igi kan bá ga ju èkejì lọ, púpọ̀ nínú ìdí ẹ̀ wà nínú irúgbìn. Ẹ gbé irú ilá yẹn kan náà lọ sí oko tí ilẹ̀ ẹ̀ gún régérégé tàbí èyí tí ilẹ̀ ẹ̀ rí játijàti, ìdá yẹn á yí padà.

Ẹ̀tàn kan tún wà níbẹ̀. Nǹkan lè jẹ́ àjogúnbá gan-an síbẹ̀ kó má wúlò fún yíyàn. Ká ní èso ilá yín gbogbo wà láàárín gíráàmù 14 sí 15, tí ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì ti ọwọ́ irúgbìn wá pátápátá, kí lẹ fẹ́ yàn? Ẹ yan èyí tó wúwo jù, gíráàmù kan lẹ jèrè. Àfi kí àlàfo tó wà láàárín èyí tó dáa jù àti èyí tó burú jù fẹ̀ dáadáa, kó sì tún jẹ́ pé irúgbìn ló fà á. Nǹkan méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Nínú ilá, ọjọ́ tí òdòdó ń yọ, gíga igi àti ìwúwo èso sábà máa ń wà lára àwọn tó ṣeé yàn. Àpapọ̀ ìkórè fúnra ẹ̀ máa ń ya aláìgbọràn, torí gbogbo nǹkan ló ń dá sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gba ẹ̀yìn mú un: wọ́n á yan iye èso àti ìwúwo èso, ìkórè á tẹ̀ lé wọn.

Ṣé ilá tó ga ló ń so jù?

Ó ṣe díẹ̀, kò ṣe díẹ̀. Igi tó ga ní oríkèé púpọ̀, ìdí ewé lára oríkèé yẹn sì ni òdòdó ti ń yọ, nítorí náà gíga lè mú èso pọ̀. Àmọ́ àwọn baba wa ti ní ilá kì í ga ju onírè lọ, títẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ ká, ẹni tó bá sì ti ká ilá ọ̀dọ̀ wa yẹn rí mọ̀ pé kì í ṣe àṣà ọ̀rọ̀ lásán, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, nígbà míì á kán mọ́ yín lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ náà ń wó o. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ irú tuntun fi kúrú, wọ́n ń wá igi tí oríkèé ẹ̀ súnmọ́ra, tó ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Àwọn ìwà ilá máa ń di ọwọ́ ara wọn mú, ẹ ò lè fa ọ̀kan kí òmíì má tẹ̀ lé e. Èyí tó tètè yọ òdòdó lè so kí òjò tó dá, èyí dáa. Àmọ́ tí èso bá ń tóbi, iye wọn sábà máa ń dín kù, torí oúnjẹ tí ewé ń sè kò ju bó ṣe mọ lọ. Ọwọ́ tí ẹ fi ń ká a náà wà níbẹ̀: èso ilá máa ń tó ká ní bí ọjọ́ 4 sí 6 lẹ́yìn tí òdòdó bá là, tí ẹ bá sì fi òmíì sílẹ̀ tó gbó mọ́ orí igi, igi yẹn á dín síso kù, torí ó rò pé òun ti bímọ tó. Irú ilá tó dáa jù lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń ká a lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ máa rò pé ọ̀lẹ ni.

Ọ̀rọ̀ yíyọ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni pé àwọn ilá kan kì í fà tó àwọn kan, àmọ́ ìwà bíi ti ìyókù ni, ó yàtọ̀ láti irú dé irú, ó sì tún kan bí èso ṣe dàgbà tó nígbà tí ẹ ká a. Ohun tí wọn ò bá wọ̀n, kò sẹ́ni tó máa yàn án. Tí wọ́n bá fi ogún ọdún yan ilá nítorí gígùn, àwọ̀ àti bó ṣe máa dé ọjà láìbàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì sè é wò, yíyọ̀ lè rá mọ́ wọn lọ́wọ́. Èmi rò pé ó yẹ kí ìyá olóbẹ̀ kan máa wà nínú àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò yẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú ilá méjì pọ̀?

Òdòdó ilá, yẹ́lò pẹ̀lú àwọ̀ dúdú-pupa ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, òwúrọ̀ ló ń là, kó tó di alẹ́ ó ti pa dé. Ọjọ́ kan péré. Akọ àti abo wà nínú òdòdó kan náà, ó sì lè gba ara ẹ̀ láìsí ẹnìkankan, àmọ́ oyin máa ń gbé ìyẹ̀fun láti igi kan dé òmíì, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú méjì pọ̀ á lọ ní ìrọ̀lẹ́, á mú òdòdó tó máa là lọ́la, á yọ apá akọ kúrò nínú ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á fi àpò bébà bò ó kí oyin má baà ṣíwájú ẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì á wá mú ìyẹ̀fun látinú òdòdó tó fẹ́ fi ṣe bàbá, á fi pa á. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí lábù.

Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní F1, gbogbo wọn máa ń jọra tí òbí méjèèjì bá jẹ́ ojúlówó. Tí ẹ bá tún gbin irúgbìn tó wá látinú F1, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti tú ká: òmíì jọ ìyá, òmíì jọ bàbá, òmíì ò jọ ẹnìkankan. Nínú rúdurùdu yẹn ni wọ́n ti ń yan, wọ́n á yàn, wọ́n á tún gbìn, wọ́n á tún yàn, ó lè tó ìran mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ilá tó dúró sójú kan tí ọmọ fi máa jọ òbí lọ́dọọdún. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, ti ń ṣe, àwọn ilá bíi NHAe 47-4 àti LD 88 tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde.

Kí ni ìyàtọ̀ yìí wúlò fún tá a bá ti rí ilá tó dáa?

Ẹ gbọ́ ìtàn India. Lọ́dún 1924, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní agbègbè Bombay pé àrùn kan ń mú kí iṣan ewé ilá di yẹ́lò, tí èso náà á sì kéré. Fáírọ́ọ̀sì ni, kòkòrò funfun kékeré tó máa ń fò yọ́ lábẹ́ ewé ló ń gbé e kiri. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ilé ìwádìí wọn tó wà ní New Delhi gbé ilá kan jáde tó ń jẹ́ Pusa Sawani, tó lè dúró níwájú àrùn yìí. Gbogbo India gbà á. Ó so, ó dùn, wọ́n gbìn ín láti ìlú dé ìlú, irú ilá kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà tó yá, àrùn yẹn wọlé sí i lára, ilá tí wọ́n gbójú lé sì wá di èyí tó ń tètè mú un.

Níbo ni wọ́n ti wá rí àtúnṣe? Kì í ṣe nínú ilá tó dáa. Inú ìbátan ilá kan tí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé jẹ ni, Abelmoschus manihot, wọ́n mú un pọ̀ mọ́ Pusa Sawani, wọ́n wá ń dá ọmọ ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ilá lẹ́ẹ̀kan-lẹ́ẹ̀kan títí tó fi jọ ilá gidi, ṣùgbọ́n tó ṣì mú àtakò àrùn dání. Èyí tó jáde ní ìlú Parbhani, ní India náà, ní àárín àwọn ọdún 1980 ń jẹ́ Parbhani Kranti. Ká ní wọ́n ti da irú burúkú yẹn nù ni, wọn ò bá má rí nǹkan mú.

Àwa náà ní tiwa, ewé ilá tó ń ká kò pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì tí kòkòrò funfun yìí kan náà ń gbé, àti àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń lu ewé ní ihò tí wọ́n sì tún ń fi àrùn míì ṣọwọ́. Irúgbìn ìbílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà ní abúlé lè ní ohun tá a máa wá lọ́la nínú. NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú oríṣiríṣi irúgbìn ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ń kó irú wọn pamọ́ sínú òtútù.

Ṣé GMO wá ni ilá àgíríìkì àbí kì í ṣe é?

Kì í ṣe é. GMO ni kí wọ́n mú jíìnì látinú nǹkan míì, tí kò lè bá ilá sùn láéláé, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tì í bọ inú ẹ̀ ní lábù. Ní Nàìjíríà, òwú, ẹ̀wà tó ń kọ kòkòrò, àti àgbàdo TELA, èyí tó ń kọ kòkòrò àti ọ̀dá, tí ariwo ẹ̀ sọ lọ́dún 2024 wà lára àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí, ilá ò sí níbẹ̀. Ilá gígùn tó wà lọ́jà yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní Clemson Spineless wà lára ẹ̀, yunifásítì Clemson ní South Carolina ni wọ́n ti yàn án, ó sì ti gba àmì ẹ̀yẹ lọ́dún 1939, kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe GMO. Ìdí tí wọ́n sì fi yàn án ni irun yẹn tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára ẹ̀, kó má baà máa yúnni. Àwọn baba ńlá ilá ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló mú u wọ ibẹ̀. Ó lọ, ó wá padà wá bá wa nínú páálí.

Ti pé irúgbìn ẹ̀ kì í hù lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ó ń hù. Tí wọ́n bá kọ F1 sára páálí, irúgbìn tí ẹ tọ́jú máa hù, àmọ́ oko yín máa rí wúruwùru, ẹ ti rí ìdí ẹ̀ lókè. Tí kì í bá ṣe F1, ẹ lè tọ́jú ẹ̀ bó bá ṣe wù yín, kí ẹ ṣáà ti jìnnà sí ilá ẹlòmíì nítorí oyin.

Báwo lèèyàn ṣe ń tọ́jú irúgbìn láìba ilá jẹ́?

Ohun tó ń ba irúgbìn ilé jẹ́ jù rèé: ẹ ká ilá títí ó fi rẹ̀ yín, èyí tó ṣẹ́kù sórí igi ní ìparí, tó ti gbó tí kò ṣeé jẹ mọ́, òun lẹ fi ṣe irúgbìn. Ẹ ti jẹ àwọn ọmọ igi tó tètè so tán, àwọn ọmọ igi tó pẹ́ lẹ sì kó pamọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, kí ẹ wá máa bi ara yín léèrè ìdí tí ilá yín fi ń pẹ́ so.

Dípò ìyẹn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a rárá, ẹ rìn yí oko po, ẹ sàmì sí igi bíi ogún tó tètè yọ òdòdó, tí ewé ẹ̀ ò ká kò, kí wọ́n wà káàkiri oko, kó má jẹ́ ibi tó lọ́ràá nìkan. Igi tó wà ní etí oko, ẹ fo ó, àyè ló gbà. Ẹ jẹ èso àkọ́kọ́ orí wọn kí ẹ lè rí bó ṣe ń yọ̀, ẹ wá fi méjì-mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ lórí igi kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ tí yóò fẹ́ là. Ẹ yọ irúgbìn, ẹ sá a sí ibòòji, ẹ da gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó má jẹ́ igi kan ṣoṣo lẹ gbójú lé, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí tó le, ẹ kọ ọdún sí i lára.